Iye Ìgbà tí Ọkàn Ọmọdé Ń Lù

Bí ìyá ọmọ bá gbé ìkókó lé itan lẹ́yìn ìwẹ̀, kí ó tó dé fìlà fún un, yóò rí i pé àwùjẹ̀ ọmọ náà ń sọ fùkẹ̀fùkẹ̀ láìsinmi. Kò sí agbo ilé kan ní Ọ̀yọ́ tàbí ní Ògbómọ̀ṣọ́ tí a ti ń wẹ ọmọ tí a kò mọ èyí. Egungun orí ọmọ kò tíì pàdé níbẹ̀. Nítorí náà, bí ọkàn bá ti lù lẹ́ẹ̀kan nínú àyà, tí ó ti ẹ̀jẹ̀ gòkè lọ sí orí, àwùjẹ̀ a sọ lẹ́ẹ̀kan. Títí ọmọ yóò fi tó nǹkan bí ọdún kan àbọ̀, ojú lásán ni a lè fi wo bí ọkàn rẹ̀ ti ń lù. Àwọn ìyá àgbà mọ àwùjẹ̀ tí ó jìn wọnú, wọ́n mọ èyí tí ó wú sókè, wọ́n sì mọ̀ pé kò sí èyí tí ó dára nínú méjèèjì. Ohun tí kò hàn sí ọ̀pọ̀ ènìyàn ni iye ìgbà tí ó yẹ kí ó máa sọ ní ìṣẹ́jú kan, àti bí iye náà ti ń dín kù bí ọmọ ti ń dàgbà.

Àìmọ̀ yìí a máa dá ìbẹ̀rù aláìnídìí sílẹ̀, a sì máa dá ìfọ̀kànbalẹ̀ aláìnídìí sílẹ̀ pẹ̀lú. Èkejì ni ó burú jù. Bí ìyá àgbà kan bá pọn ọmọ-ọmọ rẹ̀ wá sí ilé ìwòsàn ní Ògbómọ̀ṣọ́, tí ó ní, "Nọ́ọ̀sì, ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi wo ọmọ yìí, àyà rẹ̀ ń lù kìkìkì bí ẹni tí ó sáré," ohun tí nọ́ọ̀sì tí ó mọ iṣẹ́ rẹ̀ yóò kọ́kọ́ wí ni pé, "Ẹ fọkàn balẹ̀, ìyá. Ọmọ oṣù mélòó ni?" Bí ìyá bá dáhùn pé oṣù mẹ́jọ ni, tí nọ́ọ̀sì sì ka lílù ọkàn rẹ̀ ní 130 nígbà tí ara rẹ̀ tutù tí kò sì sunkún, iye náà kò ju ti ọmọ tí ara rẹ̀ le lọ. Ṣùgbọ́n bí ó bá ṣe pé ọmọ ọdún mẹ́rìnlá ni a mú wá láti Ọ̀yọ́, tí ó jókòó jẹ́ẹ́ láti bí ìdajì wákàtí, tí ọkàn rẹ̀ sì ń lù ní 130, kò tọ́ kí ẹnikẹ́ni dá a padà sí ilé láìwá ìdí rẹ̀. Iye kan náà ni. Ọjọ́ orí ni ó ya ọ̀kan nípá sí èkejì.

Èdè Yorùbá ti la ọ̀nà sílẹ̀ fún òye ọ̀rọ̀ yìí. Ọkàn ni a ń pe ẹ̀yà ara tí ń ti ẹ̀jẹ̀ kiri, ọkàn náà ni a sì ń pe ibi tí èrò ń gbé. Ẹni tí ẹ̀rù bà, àyà rẹ̀ já. Ẹni tí ó rí ìsinmi, ọkàn rẹ̀ balẹ̀. Àwọn oníṣègùn kì í fi lílù ọkàn ẹni tí àyà rẹ̀ ń já ṣe òdiwọ̀n. Ọkàn tí ó balẹ̀ ni wọ́n ń kà: ti ọmọ tí kò sáré, tí kò sunkún, tí ibà kò mú, tí ebi kò pa, tí kò sì bẹ̀rù ẹni tí ó wọ aṣọ funfun tí ó dúró níwájú rẹ̀. Ó ṣòro kí a tó rí ọ̀rọ̀ àyálò tí yóò bá ipò yìí mu tó "ọkàn tí ó balẹ̀", bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn tí ó kọ́kọ́ sọ ọ́ kò ní aago lọ́wọ́.

Kíka lílù ọkàn gẹ́gẹ́ bí ọjọ́ orí kì í ṣe ohun titun ní ayé. Ní nǹkan bí 300 ọdún ṣáájú ìbí Jésù, oníṣègùn kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Herophilus ṣiṣẹ́ ní ìlú Alẹkisáńdíríà ní ilẹ̀ Íjíbítì. Omi tí ń kán láti inú ohun èlò ni wọ́n fi ń wọn àkókò nígbà náà. Herophilus ṣe aago olómi kékeré kan tí ó lè gbé lọ sí ẹ̀gbẹ́ ibùsùn aláìsàn, a sì ròyìn pé ó ní òdiwọ̀n omi fún ọjọ́ orí kọ̀ọ̀kan. Bí iṣan ọwọ́ aláìsàn bá lù ju iye tí ó yẹ ọjọ́ orí rẹ̀ lọ kí omi náà tó tán, a jẹ́ pé ibà ń bẹ lára rẹ̀. Ó ya ni lẹ́nu pé ẹni tí kò mọ̀ pé ẹ̀jẹ̀ ń yí ara ká ti mọ̀ pé kò yẹ kí a fi òdiwọ̀n àgbàlagbà wọn ọmọdé. Ó di ọdún 1628 kí William Harvey tó fi hàn ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì pé ọkàn ni ń ti ẹ̀jẹ̀ yí ká. Ó sì di 1707 kí John Floyer, ará ilẹ̀ kan náà, tó tẹ ìwé lórí aago tí ó mú kí a ṣe, èyí tí ń rìn fún ìṣẹ́jú kan péré kí ó tó dúró, kí dókítà lè máa fi ka iṣan.

Ní 1907, Arthur Keith àti Martin Flack rí ẹran kékeré kan ní ògiri apá òkè ọkàn, ní ìhà ọ̀tún, tí ó jẹ́ pé òun ni ó ń pa àṣẹ fún gbogbo ìyókù ọkàn pé kí ó lù. Ọdún náà gan-an ni Dókítà George Green, ará Amẹ́ríkà, bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ìwòsàn ti àwọn Onítẹ̀bọmi ní Ògbómọ̀ṣọ́, iṣẹ́ tí ó di ọsibítù ńlá, tí ó sì di ilé ìwòsàn ìkọ́ni ti Yunifásítì Bowen ní 2009. Ní ìlú yìí kan náà ni Ruth Kersey, nọ́ọ̀sì tí ó ti Amẹ́ríkà wá, ti dá ilé àwọn ọmọ aláìníyàá sílẹ̀ ní àwọn ọdún 1920. Ìkókó tí ìyá rẹ̀ kú nígbà ìbí kì í ní ẹni tí yóò wo àwùjẹ̀ rẹ̀ ní òwúrọ̀ àti ní alẹ́. Ẹlòmíràn ni ó ní láti kọ́ ọ.

Ẹran kékeré tí Keith àti Flack rí yìí, bí a bá fi í sílẹ̀ fún ara rẹ̀, a máa sáré nínú ọmọdé ju bí ó ti ń sáré nínú àgbà lọ. Iṣan kan sì ti inú ọpọlọ sọ̀kalẹ̀ wá sí ọkàn tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti fà á sẹ́yìn, bí ẹni tí ń fa ìjánu ẹṣin. Agbára iṣan yìí kò tíì pọ̀ nínú ìkókó. Bí ọmọ ti ń dàgbà ni ọwọ́ rẹ̀ ń le. Ìdí kan nìyẹn tí ọkàn ọmọdé fi ń yára.

Ìdí kejì ni títóbi ọkàn. Nínú ọmọ titun, ẹ̀jẹ̀ tí ọkàn ń tì jáde nígbà tí ó bá lù lẹ́ẹ̀kan kò ju nǹkan bí mìlílítà 5 lọ, èyí tí kò ju ṣíbí ìmutíì kan. Nínú àgbàlagbà, ó tó nǹkan bí mìlílítà 70. Bí ọkàn àgbà bá wá lù ní ìgbà 70 ní ìṣẹ́jú kan, ẹ̀jẹ̀ tí ó ti tì jáde yóò kún kẹ́ẹ̀gì onílítà 5. Ara ìkókó kéré lóòótọ́, ṣùgbọ́n iṣẹ́ ń lọ nínú rẹ̀ ju ti inú ara àgbà lọ bí a bá fi ìwọ̀n wọn wéra: ó ń dàgbà lójoojúmọ́, ó sì ń sapá láti mú ara rẹ̀ móoru. Afẹ́fẹ́ àti oúnjẹ tí ẹ̀jẹ̀ ń gbé kiri gbọ́dọ̀ tó o. Ọkàn rẹ̀ kò lè fi ṣíbí kún ṣíbí. Kí ó máa bu ṣíbí kan náà léraléra ni ó kù fún un. Ẹni tí ó bá ti wo àwọn onídùndún ní ojúde ààfin Ọ̀yọ́ yóò rántí gúdúgúdú, ìlù tí ó kéré jù lọ láàrín wọn, tí ọwọ́ onílù rẹ̀ kì í sinmi nígbà tí ìyáàlù ń sọ̀rọ̀ ní ìrọ̀rùn. Àwọn àgbà a máa wí pé bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà; ṣùgbọ́n ní ti lílù ọkàn, ọmọdé ni ó ní púpọ̀ jù. Ọkàn ìkókó tí ń lù ní 140 yóò ti lù ju 200,000 ìgbà lọ kí ilẹ̀ ọjọ́ kan tó ṣú kí ó sì tún mọ́. Ti baba rẹ̀ kò ní ju bí ìdajì rẹ̀ lọ.

Nísinsìnyí, kí ni iye náà gan-an? Fún ọ̀pọ̀ ọdún, ìwé àwọn oníṣègùn kò fi ohùn ṣọ̀kan lórí rẹ̀. Ní 2011, àwọn olùwádìí láti Yunifásítì Oxford kó ìwádìí 69 tí àwọn ènìyàn ti ṣe jọ, tí iye ọmọ inú wọn jẹ́ 143,346, wọ́n sì tẹ ohun tí wọ́n rí jáde nínú ìwé ìròyìn Lancet. Wọ́n rí i pé ọ̀pọ̀ òdiwọ̀n tí àwọn ilé ìwòsàn ń lò kò bá bí ọkàn àwọn ọmọ wọ̀nyí ti ń lù mu. Èyí kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré, nítorí òdiwọ̀n tí kò tọ́ yóò pe ọmọ tí ara rẹ̀ le ní aláìsàn, yóò sì jẹ́ kí aláìsàn kọjá lọ.

Ohun tí wọ́n rí ni pé, ní ọjọ́ ìbí, iye tí ó wà ní àárín gbùngbùn jẹ́ 127 ní ìṣẹ́jú kan. Ìyẹn ni pé ọkàn ìdajì àwọn ọmọ ń lù jù bẹ́ẹ̀, ti ìdajì kò sì tó bẹ́ẹ̀. Kì í sọ̀kalẹ̀ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ bí ènìyàn ti lè rò. Ó kọ́kọ́ gòkè, tí ó fi di 145 nígbà tí ọmọ bá tó oṣù kan, lẹ́yìn èyí ni ó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀kalẹ̀. Láàrín oṣù mẹ́sàn-án sí ọdún kan, 128 ni àárín. Bí a bá sì kó ọgọ́rùn-ún ọmọ ọjọ́ orí yìí jọ, ti méjìdínlọ́gọ́rùn-ún nínú wọn yóò bọ́ sí àárín 93 àti 161. Nígbà tí ọmọ bá pé ọdún méjì, àárín ti di 113. Ọmọ ọdún mẹ́ta ń lù ní nǹkan bí 104, ọmọ ọdún mẹ́rin sí mẹ́fà ní 98. Láti ọdún mẹ́jọ sí méjìlá, 84 ni, 115 sì ni òkè rẹ̀. Láti méjìlá sí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ó di 78, òkè rẹ̀ sì jẹ́ 108. Nígbà tí ọ̀dọ́langba bá tó ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún sí méjìdínlógún, 73 ni àárín rẹ̀, kò sì yàtọ̀ sí ti àgbàlagbà mọ́, ẹni tí a mọ̀ pé ọkàn rẹ̀ a máa lù láàrín 60 sí 100. Ọdún méjì àkọ́kọ́ ni ìsọ̀kalẹ̀ náà yára jù; lẹ́yìn èyí, ó ń rọra sọ̀kalẹ̀ bí ẹni tí ń sọ̀kalẹ̀ lórí òkè tí kò ga.

Ìrònú irú èyí kì í ṣe àjèjì ní ilẹ̀ Yorùbá. Ní òpin àwọn ọdún 1950, Dókítà David Morley, tí ó ń ṣiṣẹ́ ní ọsibítù Wesley Guild ní Iléṣà, tẹ̀ lé ìdàgbàsókè àwọn ọmọ tí a bí ní Ìmẹ̀sí-Ilé, ó ń wọ̀n wọ́n bí oṣù ti ń gorí oṣù, láti inú iṣẹ́ yìí sì ni káàdì tí àwọn ìyá ń mú lọ sí ibi ìwọ̀n ọmọ ti jáde, tí ó sì tàn ká ayé. Ohun tí káàdì náà ń kọ́ni ni pé kìlógíráàmù nìkan kò sọ ohunkóhun bí a kò bá mọ oṣù ọmọ. Bí ọ̀rọ̀ lílù ọkàn ti rí gan-an nìyẹn, àyàfi pé ìwọ̀n ń gòkè, tí lílù sì ń sọ̀kalẹ̀.

Ibà ni ó ń mú ọkàn ọmọ sáré jù lọ ní agbègbè Ọ̀yọ́ àti Ògbómọ̀ṣọ́, pàápàá ní àkókò òjò tí ẹ̀fọn ń pọ̀. Bí ooru ara bá fi ìwọ̀n kan lórí òdiwọ̀n Celsius ga sí i, lílù ọkàn ọmọdé a máa fi nǹkan bí 10 lé sí i. Nítorí náà, bí ara ọmọ ọdún mẹ́ta bá gbóná dé 39.5, tí ọkàn rẹ̀ sì ń lù ní 130, ibà náà nìkan ti tó láti ṣàlàyé rẹ̀. Bí ó bá jẹ́ 165 ni, ooru nìkan kò ṣàlàyé rẹ̀ tán. Ó yẹ kí a wá ohun mìíràn tí ó fara pamọ́ sẹ́yìn rẹ̀. Ibà tí ẹ̀fọn ń fà a máa ba ẹ̀jẹ̀ ọmọ jẹ́. Bí ẹ̀jẹ̀ bá dín kù, èyí tí ó ṣẹ́kù gbọ́dọ̀ máa rìn kánkán kí ó lè ṣe iṣẹ́ púpọ̀. Ọmọ tí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ àti inú ìpéǹpéjú rẹ̀ funfun, tí ọkàn rẹ̀ sì ń sáré lẹ́yìn tí ara rẹ̀ ti tutù, ẹ̀jẹ̀ ni ó ṣeé ṣe kí ó máa wá. Bẹ́ẹ̀ náà ni ti àwọn ọmọ tí ó ní àrùn fọ̀níkú-fọ̀ladìde: ẹ̀jẹ̀ wọn kì í tó ti ẹlòmíràn, ọkàn wọn a sì máa yára díẹ̀ ní gbogbo ìgbà. Nǹkan bí ẹnì kan nínú mẹ́rin ní ilẹ̀ Nàìjíríà ni ó ru àmì àrùn yìí nínú ẹ̀jẹ̀ láìṣàìsàn. Ọ̀pọ̀ ọmọ tí àwọn àgbà ìgbà àtijọ́ pè ní àbíkú ni a gbà lónìí pé òun ni ó pa wọ́n.

Ìgbẹ́ gbuuru ni ibi tí kíka ọkàn ti lè gba ẹ̀mí là jù. Omi ń jáde lára ọmọ, ẹ̀jẹ̀ ń dín kù nínú iṣan, ọkàn sì ń sáré láti dí àlàfo náà. Nínú ọmọdé, agbára tí ẹ̀jẹ̀ fi ń rìn nínú iṣan kì í tètè wálẹ̀. Ọmọ náà lè máa wo ènìyàn, kí ó sì máa mú omu díẹ̀díẹ̀, tí ó jẹ́ pé eré tí ọkàn rẹ̀ ń sá nìkan ni ó fi í dúró. Nígbà tí kò bá lè sáré mọ́, gbogbo rẹ̀ a dà wó lẹ́ẹ̀kan náà. Àwùjẹ̀ tí ó jìn wọnú, ẹnu gbígbẹ, àtẹ́lẹsẹ̀ tútù, àti ọkàn tí ń lù ju ti ọjọ́ orí rẹ̀ lọ: bí ìwọ̀nyí bá pàdé, omi oníyọ̀ àti ṣúgà ni kí a máa fún un bí a ti ń gbé e lọ sí ilé ìwòsàn, kì í ṣe kí a dúró di ọjọ́ kejì.

Ó yẹ kí a fi ẹnu kan àgbo ìtọ̀ màlúù tí àwọn ènìyàn kan ń fún ọmọ tí gìrì mú, nítorí ewé tábà tí ó wà nínú rẹ̀. Oró inú tábà a máa da lílù ọkàn rú, a sì máa mú èémí rẹlẹ̀. Àwọn oníṣègùn ní Ìbàdàn ti kọ̀wé lórí àwọn ọmọ tí wọ́n gbé wá lẹ́yìn tí wọ́n ti mu ún, tí kì í ṣe gìrì ni ó fẹ́ pa wọ́n mọ́.

Ní ti àwọn ọ̀dọ́langba, ọ̀rọ̀ wọn gba ìṣọ́ra ọ̀tọ̀, nítorí pé ìtìjú àti ìbẹ̀rù ìdánwò nìkan lè mú ọkàn wọn sáré. Ọmọkùnrin tí ó ń gbá bọ́ọ̀lù ní pápá Durbar ní Ọ̀yọ́ lójoojúmọ́ lè ní ọkàn tí ń lù ní 50 nígbà tí ó bá jókòó, kí ara rẹ̀ sì le koko. Eré ìdárayá ti sọ ọkàn rẹ̀ di alágbára, tí ó fi ń bu púpọ̀ lẹ́ẹ̀kan. Ọmọbìnrin ọjọ́ orí rẹ̀ tí ọkàn rẹ̀ ń lù ní 115 ní ìjókòó, tí ń rù, tí ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n, tí ọrùn rẹ̀ sì ń wú bí ẹni tí ó fẹ́ ní gẹ̀gẹ̀, kò yẹ kí a sọ fún un pé ìbàlágà ni ó ń dà á láàmú. Bẹ́ẹ̀ ni èyí tí nǹkan oṣù rẹ̀ ń pọ̀ jù, tí ó ń rẹ̀ ẹ́ bí ó bá gun òkè díẹ̀.

Kíkà náà kò le. Fún ọmọ tí kò tíì pé ọdún kan, a ó wá iṣan náà ní ìhà inú apá òkè, láàrín abíyá àti ìgúnpá, nítorí ọrùn ọwọ́ rẹ̀ kún fún ọ̀rá. Tàbí kí a fi etí lé àyà rẹ̀. Fún ọmọ tí ó ti dàgbà, ọrùn ọwọ́ tó, ní ìhà àtàǹpàkò. Ìka méjì ni a fi ń wá a, kì í ṣe àtàǹpàkò ẹni tí ń kà, nítorí iṣan àtàǹpàkò náà ń lù, ẹni náà sì lè ka tirẹ̀ dípò ti ọmọ. Ìṣẹ́jú kan gbáko ni kí a kà. Àwọn tí ń ka ìṣẹ́jú àáyá 15 kí wọ́n sì sọ ọ́ di ìlọ́po mẹ́rin a máa ṣìnà gidigidi lórí ọmọdé: ẹni tí ó bá fo méjì ti dín mẹ́jọ kù. Ẹ̀rọ kékeré tí àwọn ilé ìwòsàn fi ń há ọmọ ní ìka ń ka iye náà fúnra rẹ̀, ṣùgbọ́n bí ọmọ bá ń jà tàpàtàpà, ìka rẹ̀ a yọ̀, ẹ̀rọ a sì purọ́.

Ọkàn tí ó lọ́ra jù a máa bani lẹ́rù ju èyí tí ó yára lọ nígbà tí ó bá jẹ́ ọmọ kékeré. Agbẹ̀bí tí ó gba ọmọ titun tí ọkàn rẹ̀ kò tó 100 mọ̀ pé èémí ni ọmọ náà ń wá, yóò sì bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ́ afẹ́fẹ́ sí i nínú. Bí kò bá sì tó 60 lẹ́yìn èyí, yóò bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ àyà rẹ̀. Ní ìhà kejì, ọkàn ìkókó tí ó ju 220 lọ, tí kì í yí padà bí ọmọ bá sunkún tàbí bí ó bá dákẹ́, kì í ṣe ti ibà. Ọ̀nà tí àṣẹ lílù ń gbà nínú ọkàn náà ni ó dàrú, oníṣègùn ọmọdé ni yóò sì bá a tún un ṣe.

Ohun kan ṣì wà tí ó máa ń dẹ́rù ba àwọn òbí tí ó bá kọ́kọ́ gbìyànjú láti kà á. Bí ọmọ ọdún méje bá sùn, tí a gbé ọwọ́ lé e láyà, a ó rí i pé ọkàn rẹ̀ kò lù ní ìdọ́gba: ó ń yára nígbà tí ó bá fa èémí sínú, ó ń lọ́ra nígbà tí ó bá mí síta. Kò sí àìsàn níbẹ̀. Iṣan tí ó ti inú ọpọlọ sọ̀kalẹ̀ wá ni ó ń tú ìjánu sílẹ̀ díẹ̀ tí ó sì tún ń fà á, pẹ̀lú èémí kọ̀ọ̀kan, títí ilẹ̀ yóò fi mọ́.